Kì Í Ṣe Gbogbo Àpá Ara Gíláàsì Mọ́tò Ló Ṣeé Dán

Lọ́tẹ̀ yìí, gíláàsì iwájú mọ́tò la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Kí ẹnikẹ́ni má bi wá pé kí ló kan oníṣirò owó nínú gíláàsì. Púpọ̀ nínú àwọn ará wa ló ń fi mọ́tò jẹun: àwọn tó ń wa takisí, àwọn tó ń kó ẹrù kiri, àwọn tó ń ti ilé arúgbó kan bọ́ sí òmíràn lóru láti tọ́jú wọn. Bí a bá jókòó ti ìwé ìṣirò wọn ní ìparí ọdún, à ń rí owó tí wọ́n ná sórí gíláàsì. Èyí tó ń dùn wá níbẹ̀ ni pé ibi tí kò yẹ ni wọ́n ń ná an sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ èyí tí kì í ṣe àpá rárá kúrò. Omi Lọ́ńdọ̀nù kún fún èròjà ẹfun kan náà tí ẹ ń rí nínú kẹ́tù yín. Bó bá gbẹ sára gíláàsì, á di àbàwọ́n funfun. Fínígà funfun tí a pò mọ́ omi á jẹ ẹ́ kúrò. Wáìpà tó ti gbó náà máa ń fa omi kiri ojú gíláàsì, àwa á sì rò pé gíláàsì ló bàjẹ́. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń júwe fún ara wọn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún eyín.

Ìlà tín-tín-tín tí iyanrìn abẹ́ wáìpà ń fà nìkan ni dídán lè wò sàn. Páúdà tí wọ́n ń pè ní cerium oxide ni wọ́n ń pò mọ́ omi, wọn á sì fi ẹ̀rọ tí a fi aṣọ nípọn dé lórí máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ojú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù ní gbogbo ìgbà, torí bí gíláàsì bá gbóná jù, ó lè sán mọ́ oníṣẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ sùúrù ni. Kí ẹ tó gbà, ẹ fi èékánná fa orí ìlà náà kọjá. Bí èékánná bá há síbẹ̀, ẹ má sanwó dídán. Kí ìlà jíjìn tó lè pòórá, àfi kí wọ́n ha gíláàsì tó yí i ká wálẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, ojú ibẹ̀ á wá dàbí kòtò kékeré. Lọ́sàn-án, ẹ lè má mọ̀. Lóru, nínú òjò, iná mọ́tò tó ń bọ̀ á máa wọ́ níwájú yín bí ìgbà téèyàn ń wo nǹkan nínú omi. Ẹni tó bá ní òun lè dán gbogbo àpá, tí kò sì fọwọ́ kan gíláàsì yín kó tó dá iye, owó yín ló ń wò.

Èyí tí òkúta ta bà yàtọ̀. Gíláàsì méjì ni gíláàsì iwájú, tí ọ̀rá tó lágbára lẹ̀ wọ́n pọ̀ láàárín. Bó bá jẹ́ pé ti òde nìkan ló fọ́, wọ́n lè fa oje kan tó mọ́ gaara sínú rẹ̀, kí wọ́n fi iná pàtàkì mú un gan. Àpá rẹ̀ lè má lọ tán, ṣùgbọ́n kò ní sán síwájú mọ́. Kí oníṣẹ́ tó dé, ẹ fi téèpù tó mọ́ bò ó kí omi àti ìdọ̀tí má baà wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, omi gbígbóná inú kẹ́tù tí à ń dà sórí yìnyín láàárọ̀, ká jáwọ́ níbẹ̀. Òun ló ń sọ ojúu kékeré di ìlà gígùn.

Òfin ò sì gbọ̀jẹ̀gẹ́. Nínú àyẹ̀wò MOT, níbi tí wáìpà ń nù, agbègbè kan wà tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 29 ní ọ̀gangan ìdarí ọkọ̀. Bí àpá tó ju mìlímítà 10 lọ bá wà níbẹ̀, mọ́tò ò yege nìyẹn. Owó ẹyọ 5p gan-an jẹ́ mìlímítà 18, ẹ wo bó ti kéré tó! Ní ìyókù ibi tí wáìpà ń dé, mìlímítà 40 ni. Ẹni tó bá sì ń wa mọ́tò tó wà ní ipò eléwu lè san ìtanràn tó tó £2,500, kó sì gba àmì 3 sórí láísẹ́ǹsì. Fún onítakisí, àmì yẹn le ju owó lọ.

Ẹ lọ ka ìwé adójútòfò yín. Owó tí wọ́n ń bù lé yín lórí kí wọ́n tó san tiwọn, excess, sábà máa ń kéré fún dídí ju fún pípààrọ̀ lọ, àwọn mìíràn kì í sì gba nǹkan kan fún dídí. Ẹni tó ra third party nìkan kì í sábà ní ẹ̀tọ́ kankan sí i. Bẹ́ẹ̀, pípààrọ̀ ti wọ́n sí i. Púpọ̀ nínú mọ́tò ìsinsìnyí ló ní kámẹ́rà lẹ́yìn gíláàsì yìí, tó ń ṣọ́ ìlà títì, tó sì ń tẹ búréèkì. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un tò lẹ́yìn pípààrọ̀, ẹ sì béèrè bóyá owó rẹ̀ wà nínú iye tí wọ́n dá fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ara yín, bó bá jẹ́ ìṣirò máìlì lẹ fi ń gba ẹ̀dín owó orí, owó gíláàsì ti wà nínú rẹ̀. Ẹ ò lè kọ ọ́ lọ́tọ̀ sí HMRC. Ẹni tó ń ka ìnáwó gidi ló lè kọ ọ́, ìwọ̀n tí mọ́tò fi ṣiṣẹ́ nìkan náà sì ni, pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹni tó fẹ́ fi mọ́tò ránṣẹ́ sílé ní tirẹ̀, kó dí ojúu òkúta níhìn-ín kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Kòtò ojú ọ̀nà ilé ò ní ṣàánú rẹ̀.