Turbo Pascal: Owó táṣẹ́rẹ́ tó gba ọjà lọ́wọ́ àwọn ńlá

Àwọn oníṣòwò wa kan gbà pé ọjà tówó rẹ̀ bá kéré jù, oníbàárà yóò fura sí i. Èmi ò gbà. Ẹ̀rí mi ni Turbo Pascal, ọjà kan tí ilé-iṣẹ́ Borland gbé jáde ní California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lóṣù kọkànlá ọdún 1983. 49.95 dọ́là ni wọ́n ń tà á, nígbà tí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mìíràn ń lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là.

Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́ yóò kọ iṣẹ́ náà ní èdè kan bíi Pascal, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Niklaus Wirth ará Switzerland gbé jáde ní 1970. Ètò mìíràn tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpáílà ni yóò wá túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Wàhálà ńlá nìyẹn láyé ìgbà yẹn. Èèyàn yóò ki díìsìkì kan bọ kọ̀ǹpútà láti kọ iṣẹ́, yóò yọ ọ́, yóò ki òmíràn bọ̀ ọ́ láti túmọ̀ rẹ̀, yóò tún wá èyí tí yóò fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bó bá gbàgbé àmì kan ṣoṣo, ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Anders Hejlsberg, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló kó gbogbo rẹ̀ sínú ètò kan ṣoṣo tí kò tó 40 kílóbáìtì. Fọ́tò kan lórí fóònù tòní tóbi jù ú lọ fíìfíì! Kíá ló ń túmọ̀, bí àṣìṣe bá sì wà, ojú ibi tó wà gan-an ni yóò gbé èèyàn lọ.

Philippe Kahn, ọmọ Faransé tó jẹ́ ọ̀gá Borland, ti sọ ọ́ fáwọn oníròyìn pé òun ò lówó tóun fi máa polówó nínú ìwé ìròyìn BYTE, pé ńṣe lòun kó èèyàn kún ọ́fíìsì kó lè dà bíi pé iṣẹ́ ń lọ, kí wọ́n lè gba òun láyè láwìn. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ohun tó yé e ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kọ́ṣẹ́ nílé pọ̀ ju ilé-iṣẹ́ ńlá lọ, kò sì sẹ́ni tó ń tajà fún wọn. Ìwé àdéhùn Borland pàápàá ní kí oníbàárà lo ètò náà bí ẹni ń lo ìwé: ẹnikẹ́ni lè lò ó, kẹ́ni méjì má ṣáà lò ó lẹ́ẹ̀kan náà níbi méjì.

Àwọn kan á ní kò sóhun tó lè dá ayédèrú dúró, wọ́n á tọ́ka sí Computer Village n'Íkẹjà, níbi tí síídì ayédèrú ti kún ìgboro nígbà kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tówó oṣù rẹ̀ kò tó ra ọjà kan, ṣé oníbàárà ọjà náà ni tẹ́lẹ̀? Ẹ dín owó náà kù dé ibi tọ́wọ́ rẹ̀ tó, kẹ́ ẹ tó pè é lólè.

Àwọn kan ń sọ pé owó kékeré ló pa Borland. Irọ́ ni. Àwọn ńlá ló lọ ń lé. Lọ́dún 1991, ó fi nǹkan bíi 440 mílíọ̀nù dọ́là ra Ashton-Tate, tó ni dBASE. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Microsoft gbé Access tiẹ̀ dé, 99 dọ́là ló sì kọ́kọ́ tà á. Ohun ìjà Borland gan-an ni wọ́n fi bá a jà! Kahn fipò ọ̀gá sílẹ̀ ní 1995, Hejlsberg gba Microsoft lọ ní 1996, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ lórí C# àti TypeScript. Ní 2009, nǹkan bíi 113 mílíọ̀nù dọ́là ni Micro Focus fi ra ohun tó ṣẹ́ kù.

Delphi, ọmọ tí Turbo Pascal bí, ṣì wà lọ́jà lọ́wọ́ Embarcadero. Èyí táwọn ilé-iṣẹ́ ń rà ti ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ.