ỌKỌ̀ ÒFÚRUFÚ TÍ OWÓ ÀWỌN BÀBÁ WA RÀ

Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ láti jẹ́wọ́ àṣìṣe kan, nítorí ó dá mi lójú pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń ṣe irú rẹ̀ ní agbègbè wa yìí, láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìbà àti Òkòkòmáíkò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá bá, kí ó gbà á bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. Ẹni tí kò bá bá, kí ó fi mí rẹ́rìn-ín, n kò ní bínú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ti di olóògbé ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Òkòkòmáíkò. Ẹni ọdún 19 ni, iṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ó sì ń kọ́ ní ọjà Alábà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó gbé páálí ńlá kan wọlé, èyí tí ó rí rà nínú ẹrù tòkunbọ̀. Nígbà tí ó ṣí i, kò sí ohun tí mo rí níbẹ̀ ju àwọn ike pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí a so mọ́ ara wọn bí egungun ẹja, àti ìwé tí ó fi bí a ó ti tò wọ́n hàn. Ó ní ọkọ̀ òfúrufú ogun ni, Spitfire ni orúkọ rẹ̀. Pé bí òun bá tò ó tán, bí ọkọ̀ gidi náà ti rí ni yóò rí, bí kò ṣe pé ìdá kan nínú 24 rẹ̀ ni. Mo bi í ní iye tí ó rà á. Bí ó ti dá mi lóhùn ni inú bí mi. Owó tí ó yẹ kí ó tọ́jú de ọjọ́ tí yóò gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni ó fi ra ohun ìṣeré! Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ènìyàn sọ sí ọmọ òrukàn. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," ó sì ti páálí rẹ̀ sí abẹ́ ibùsùn.

Ó tó oṣù kan kí ọ̀rọ̀ náà tó tún jẹ yọ. Ó mú fóònù rẹ̀ wá fi àwòrán ọkọ̀ Spitfire kan hàn mí, èyí tí wọ́n yà nígbà ogun. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀." Mo wọ awò ojú mi, mo sì kà á: NIGERIA OYO PROVINCE. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo jókòó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, mo kọ́ orúkọ àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ní àkọ́sórí, mo sì mọ ọdún tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tí ó parí. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ kan tí ó sọ fún mi rí pé ọkọ̀ òfúrufú kan wà tí ó fi orúkọ ilẹ̀ Yorùbá sí ara jagun. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wádìí, ohun tí mo sì rí nìyí.

Ní ọdún 1940, nígbà tí ogun wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára, Lord Beaverbrook ni mínísítà tí a fi ṣe olórí iṣẹ́ kíkan ọkọ̀ òfúrufú. A fi 5,000 pọ́n-ùn lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó Spitfire kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí wọ́n ń ná lórí rẹ̀ gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú tàbí ẹgbẹ́ tàbí ilẹ̀ àmọ́nà tí ó bá dá iye yìí pé ni a ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ọkọ̀. Owó náà ti gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì wọlé, àwọn ọba wa, àwọn ìjòyè, àwọn oníṣòwò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà náà sì dá tiwọn. Oyo Province ìgbà náà kì í ṣe Ọ̀yọ́ nìkan. Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, Ifẹ̀ àti Iléṣà pẹ̀lú. Òtítọ́ ni pé Ọ̀jọ́ àti Ìbà kò sí lábẹ́ rẹ̀, nítorí abẹ́ Colony ti Èkó ni a wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi orúkọ Nàìjíríà lásán fún odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú kan, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò ní ìpín níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà ni 91 (Nigeria) Squadron, tí a dá sílẹ̀ ní oṣù January 1941 ní Hawkinge, ní Kent, níbi tí òkun tí ó wà láàrín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé kò ti fẹ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ wọn jọ ti àwọn alóre: méjì méjì ni wọ́n sábà ń fò lọ sí etíkun ọ̀tá láti wo ojú ọjọ́ àti láti ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi. Ní ọjọ́ 12 oṣù February 1942, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì ńláńlá, Scharnhorst àti Gneisenau àti Prinz Eugen, ń yọ́ kọjá lójú òkun náà lọ sí ilé, ọ̀gá ẹgbẹ́ 91 yìí, Oxspring, wà lára àwọn tí ó rí wọn láti òkè tí wọ́n sì padà wá ròyìn. Oxspring kan náà ni ó ń fò nínú ọkọ̀ tí a kọ orúkọ Oyo Province sí ní ọdún 1942. Nọ́ḿbà ọkọ̀ náà ni AB216, lẹ́tà rẹ̀ sì ni DL-Z. Ní ọdún 1944, nígbà tí àwọn ará Jámánì ń ju bọ́ǹbù tí ń fò láìní awakọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, iye tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà yìí já bọ́ nínú wọn ju 180 lọ.

Bí a bá dúró síbẹ̀, ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn kì í sọ ìdajì. Títí di oṣù October 1939, òfin wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tí kò bá jẹ́ ọmọ Òyìnbó pọ́ńbélé kò lè di ọ́físà níbẹ̀. Ogun ni ó tú òfin náà, ìfẹ́ kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Peter Thomas, ọmọ Èkó, ọmọ gbajúmọ̀ oníṣòwò P. J. C. Thomas, wọ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1942 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ́físà nínú RAF, ó sì kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ní oṣù January 1945, nígbà tí ogun kù díẹ̀ kí ó parí. Owó wa kò ní àwọ̀ ní ojú àwọn tí ó gbà á. Ọmọ wa ni ó ní àwọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣeré.

Mo bẹ ọmọ náà pé kí ó gbé páálí rẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wò ó bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní alaalẹ́, mo sì rí i pé èmi tí mo pè é ní eré kò mọ ohun tí mo ń wí. Abẹ ni ó fi ń gé ike kọ̀ọ̀kan kúrò lára igi rẹ̀, yóò fi sáńpépà dán ojú ibi tí ó gé, yóò tò ó wò láìfi gúlù sí i kí ó tó lẹ̀ ẹ́. Gúlù náà kì í ṣe bí àtè. Ńṣe ni ó ń yọ́ ike díẹ̀ ní ojú méjèèjì, tí wọn yóò fi wọ inú ara wọn di ọ̀kan. Nítorí náà, bí ènìyàn bá lẹ̀ ẹ́ lódì, ó ti lẹ̀ ẹ́ lódì nìyẹn. Inú ni a ń kọ́kọ́ kùn: ìjókòó awakọ̀, àwọn aago, ẹ́ńjìnnì tí ó ní sìlíńdà 12, bí a bá ti pa ikùn ọkọ̀ pọ̀, ọwọ́ kò dé ibẹ̀ mọ́. Ọmọ tí kò ní sùúrù kò lè ṣe é. Nígbà òjò, ọ̀rinrin a mú kí ọ̀dà hu funfun. Nígbà ọyẹ́, eruku a bà lé e kí ó tó gbẹ. Bí iná bá lọ, yóò dúró de ọjọ́ kejì. Láti etí apá kan dé èkejì ó tó ínṣì 18 ó lé díẹ̀, láti imú dé ìrù sì jẹ́ ínṣì 15. Ó kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ eérú, ó kun ikùn rẹ̀ ní eérú fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó lè bá ìkùukùu dọ́gba lójú ẹni tí ó bá wà nísàlẹ̀, ó sì fa ìlà àwọ̀ ìyeyè sí iwájú apá, kí àwọn ọ̀rẹ́ lè dá a mọ̀ lójú ogun.

Àwọn lẹ́tà tí ó wà nínú páálí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ Nàìjíríà. Ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún. Nítorí náà a ní láti fi ọwọ́ kọ tiwa, ọmọ náà sì bẹ̀ mí, nítorí ìkọ̀wé ni iṣẹ́ mi. Mo gba búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, mo sì kọ NIGERIA ní lẹ́tà tí kò tó hóró ìrẹsì. Lẹ́tà R wọ́. Mo fẹ́ nù ún, mo sì fi tínnà nù ún láìbi í léèrè. Kí n tó ṣẹ́jú, ike náà ti yọ́, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì dán ti di bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná bá jà. Mo dúró de ọ̀rọ̀ bí irú èyí tí mo sọ sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Kò burú, Bàbá, pútì ni yóò gbà." Ó fi pútì dí i, ó dán an, ó tún un kùn, ó sì dá búrọ́ọ̀ṣì padà sí mi lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Ogun Òyìnbó ni, kí ni ó kàn wá?" Ó kàn wá nítorí pé àwa ni a san owó rẹ̀. Onísòwò tí kò mọ ohun tí ó ti ná kò lè mọ ohun tí wọ́n jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn yóò wí pé a ń kọ́ ọmọ láti fẹ́ràn ogun. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn pé ọmọ tí ó bá gbọ́ ìtàn Peter Thomas pẹ̀lú ti ọkọ̀ náà kò ní fi ogun ṣeré. Àwọn kẹta yóò wí pé owó rẹ̀ pọ̀, àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wọn sì tọ̀nà jù. N kò sọ pé kí ọmọ tí kò tíì jẹun ra páálí Òyìnbó. Ṣùgbọ́n a ní káfíńtà ní Ìbà, a ní àwọn tí ń tún ara mọ́tò ṣe tí wọ́n sì ń kùn ún ní ojú ọ̀nà Ọ̀jọ́, a ní igi ọmọ̀ tí àwọn bàbá wa fi ń gbẹ́ ìlù. Bí àwọn ọmọ ilé ìwé kan bá gbẹ́ Spitfire yìí ní ìdá kan nínú 12, apá rẹ̀ yóò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, yóò sì kọ́ wọn ní ìṣirò, ìtàn àti iṣẹ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àbá mi nìyí. Bárékè àwọn sójà wà ní Ọ̀jọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1983. Ilé ìwé sì pọ̀ ní Ìbà àti Òkòkòmáíkò. Ní ọjọ́ 15 oṣù January lọ́dọọdún ni ilẹ̀ wa ń rántí àwọn ọmọ ogun tí ó ti kú. Kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní agbègbè wa gbé ohun kan kalẹ̀ ní ọjọ́ náà tí ọwọ́ àwọn ọmọ fúnra wọn ṣe, kí a kọ ìtàn rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá, àti adùn rẹ̀ àti ìkorò rẹ̀. Tiwa ti ṣetán. A ó gbé e fún ilé ìwé kan ní Ìbà, bí wọ́n bá fẹ́ gbà á. Lẹ́tà R rẹ̀ ṣì wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé tí ń fi òru to nǹkan tí ẹ kò mọ̀dí, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè kí ẹ tó bínú. Ó dìgbà kan ná.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
AKỌ̀WÉ KAN NÍ ÒKÒKÒMÁÍKÒ