Kí A Tó Ra Máíkírósíkóòpù fún Abẹ́rẹ́ Gíràmafóònù

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí àpàlà, sákárà tàbí jùjú. Orí YouTube la ti ń gbọ́ púpọ̀ nínú orin wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àwọn àwo kan ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn bàbá àti ìyá àgbà, ní Ṣómólú àti Bàríga tó múlé gbe wá. Èrò wa ni pé kí ẹnikẹ́ni tó gbé abẹ́rẹ́ lé irú àwo bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fi máíkírósíkóòpù oní-USB yẹ abẹ́rẹ́ náà wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ lè béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ìdáhùn wa wà nínú lẹ́tà méjì: s àti ṣ. Bí kátíríìjì, ìyẹn ohun kékeré tó di abẹ́rẹ́ mú lórí apá gíràmafóònù, bá wọ́, tàbí tí abẹ́rẹ́ bá ti jẹ, ìró méjèèjì yìí wà lára ohun tó ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ó máa ń burú sí i bí orin bá ti ń sún mọ́ àárín àwo, nítorí pé ìlà ibẹ̀ kúrú, tí a sì há ìró púpọ̀ sínú àyè díẹ̀. Ta ni yóò wá mọ̀ bóyá "ó sá" ni olórin wí tàbí "ó ṣá"? Èèyàn ló ń sá, aṣọ ló ń ṣá. Bí a bá kọ ọ̀kan dípò èkejì, a ti purọ́ mọ́ olórin.

A kò sì lè padà lọ bi wọ́n. Yusuf Ọlátúnjí kú ní 1978, Àyìnlá Ọmọwúrà ní 1980, Hárúnà Ìṣọ̀lá ní 1983. Àwo ló kù, abẹ́rẹ́ tó ti jẹ a sì máa họ ojú ìlà àwo ní gbogbo ìgbà tí a bá gbé e lé e.

Ó wá ku rírà. Nọ́ńbà ara páálí lọjà yóò kọ́kọ́ fi tàn wá: 1000x, 1600x. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn atẹ̀wé Ṣómólú. Awò kékeré tí wọ́n fi ń wò ó bóyá àwọ̀ mẹ́rin bọ́ sórí ara wọn kì í sábà ju nǹkan bí ìlọ́po 10 lọ, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Bí a bá fi orí abẹ́rẹ́ roboto ti àwo 33⅓ wé bọ́ọ̀lù, láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ nǹkan bí 0.018 mílímítà. Sọ ọ́ di ìlọ́po 200, ó di 3.6 mílímítà, ojú á sì rí i. Ti àwo 78, irú èyí tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọrin sí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, tóbi tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn, nítorí náà abẹ́rẹ́ ọ̀kan kò yẹ èkejì. Èyí tó bá ju 200 lọ lára páálí olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń jẹ́ àwòrán tí wọ́n kàn fẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Kò fi nǹkan kan kún ohun tí kámẹ́rà rí.

Ohun tó yẹ ká náwó lé ni ìdúró rẹ̀. Ti àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń dojú kọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wà lábẹ́ kátíríìjì, iwájú àti ẹ̀gbẹ́ la ti ń wò ó. Ẹ wá èyí tí a lè dá dùbúlẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin tó wúwo, nítorí pé ní ìlọ́po 200, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lásán tó láti mi àwòrán. Kí iná rẹ̀ ṣeé dín kù pẹ̀lú, torí dáyámọ́ńdì a máa kọ mànà, ìmọ́lẹ̀ a sì bo ibi tó jẹ mọ́lẹ̀.

Máíkírósíkóòpù kò ní tún kátíríìjì tò fúnra rẹ̀. Ó ṣì nílò ìwé ìwọ̀n tí a máa gbé abẹ́rẹ́ lé. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ní àmì méjì, ní 66 àti 120.9 mílímítà sí àárín àwo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú, kí ẹ sọ fún atẹ̀wé pé kí ó má fún un, kí ó má sì fẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi rúlà wọ̀n ọ́ kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn kan á ní owó yìí ì bá ra ìwé. Òótọ́ ni pé ẹnì kan kò nílò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a dá a jọ rà, ọ̀kan fún kíláàsì kan, kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde sì bá wa dá sí i. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́yìn rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí ẹni tó bá da orin kọ láti inú àwo fi àwòrán abẹ́rẹ́ tó lò sí ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń kà á yóò lè mọ ìwọ̀n tó yẹ kó gba ṣ wa gbọ́ mọ.