Bí Abẹ́rẹ́ Ti Kéré Tó, Kì í Ṣe Mímì fún Adìẹ

A mọ̀ pé ìwé àjọ̀dún kì í sábà gba ọ̀rọ̀ líle, nítorí ọjọ́ ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwa tí ẹgbẹ́ fi sídìí ọ̀rọ̀ ìlera kò lè fi èyí pamọ́ sábẹ́ ahọ́n mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ oníná wo orúnkún dídùn àti ẹ̀yìn ríro ni. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí ara aláìsàn, wọ́n á fi wáyà so abẹ́rẹ́ náà ní méjì-méjì mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan, iná á sì máa ta iṣan pì-pì-pì. Wọ́n ní kò séwu kankan níbẹ̀. Ní 2023, ẹgbẹ́ wa gan-an yá wọn ní gbọ̀ngàn wa fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì san owó wọn pé. Àwọn ìyá wa tò bí ẹni tó fẹ́ gba ìrẹsì àjọ̀dún. Abọ́ spirit kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá yọ lára ẹnì kan, inú abọ́ yẹn ni wọ́n ń jù ú sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń mú èyí tí wọ́n fi ń gún ẹlòmíràn.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń tajà ní Sabon Gari lọ síbẹ̀ nítorí èjìká tó ń ro wọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í gún màmá, wọn kò lè mí dáadáa. Ọmọ wọn pe ẹni tó gún wọn lórí fóònù. Èsì tó fọ̀ ni pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́, kí màmá lọ sùn. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ tó takú pé ilé-ìwòsàn làwọn ń lọ. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò àyà, wọ́n rí i pé abẹ́rẹ́ ti kan ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ sì ti jò sínú àyà. Rọ́bà ni wọ́n fi fa afẹ́fẹ́ náà jáde. Màmá wà láàárín wa lónìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ṣé ó di ìgbà tí a bá sin èèyàn kí a tó sọ̀rọ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé abẹ́rẹ́ oníná burú. Ilẹ̀ Ṣáínà ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti pẹ́ gan-an; iná tí wọ́n fi kún un ló jẹ́ ti ayé òde òní. Àwọn dókítà àti physiotherapist tó kọ́ ọ ń lò ó, ó sì máa ń dín ìrora kù fún àwọn kan. Ewu ńlá ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwa náà kì í ṣe ẹni tó ń sá fún ohun mímú: àwọn bàbá wa sín gbẹ́rẹ́, àwọn wánsámì tí a bá nílẹ̀ yìí sì ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀. Irọ́ la ń bá jà, irọ́ pé "kò séwu".

Ewu kìíní ni ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà, nǹkan bí 8 ló ní kòkòrò mẹ́dọ̀wú tí àwọn dókítà ń pè ní hepatitis B. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀. Bí 50 èèyàn bá tò ní gbọ̀ngàn wa, ó ṣeé ṣe kí mẹ́rin ní in lára. Kòkòrò yìí yára ràn lójú abẹ́rẹ́ ju ti éèdì lọ, a kò sì lè fi abọ́ spirit gbára lé e.

Ewu kejì ni iná fúnra rẹ̀. Ní 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà ààbò jáde lórí iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi iná sára aboyún, tàbí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn sí láyà, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ ti kú tí kò mọ nǹkan lára mọ́, bí ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ kan. Iná kò gbọ̀dọ̀ gba àyà kọjá, nítorí ọkàn. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, lè máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Ta ni wọ́n bi ní ọ̀kan nínú ìbéèrè wọ̀nyí ní gbọ̀ngàn wa? Owó nìkan ni wọ́n bèèrè.

Ewu kẹta ni pé a ń fi ètè sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Orúnkún tó wú, tó gbóná, tí ibà sì wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọyún ló wà nínú oríkèé. Ẹ̀yìn ríro tó mú ẹsẹ̀ rọ, tí èèyàn kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, ọ̀rọ̀ kíákíá ni. Ọmọ tó ní fònikú-fònidìde tí ìbàdí ń dùn, eegun ìbàdí rẹ̀ lè ti máa kú lọ. Bí iná bá dín ìrora wọ̀nyí kù fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ méjì ni àrùn fi ń jẹun lọ.

Àwọn kan ní ilé-ìwòsàn wọ́n, ó sì ń fi àkókò ṣòfò. A gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n Kánò tí a wà yìí ni ilé-ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà, ní Dálà. Níbí náà ni Yunifásítì Bayero ti ń kọ́ àwọn physiotherapist. Láti 1988 ni òfin ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Eré ìdárayá tí wọ́n ń kọ́ni láti fi mú iṣan itan le fún orúnkún dídùn, ilé ẹni lèèyàn ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹnì kan tún sọ nípàdé pé owó gbọ̀ngàn ọjọ́ mẹ́ta yẹn la fi ra páànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà wa, òrùlé wo la fẹ́ fi èémí màmá wa kàn?

Nítorí náà, a ń bẹ̀ yín, a sì ń sọ ọ́ ní gbangba: kí ẹgbẹ́ má tún yá oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ kankan ní gbọ̀ngàn láìjẹ́ pé a rí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ tí a sì wádìí rẹ̀. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, kí a bèèrè: ta ló forúkọ yín sílẹ̀? Ṣé inú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa ni abẹ́rẹ́ yìí ti jáde lójú mi? Níbo lẹ ń jù ú sí tí ẹ bá lò ó tán? Bí àyà bá sì ń dunni lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tí èémí kò já geere, ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀la. Pabanbarì rẹ̀ nìyí: ẹni tí kò bá kọ́kọ́ bi yín nípa ara yín, ẹ má bọ́ aṣọ fún un.

Ìlera loògùn ọrọ̀. A kò wá sókè ọya láti fi ẹ̀mí ṣòwò. Olódùmarè yóò mú wa délé pẹ̀lú ara líle. Àmín.