Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Dókítà, Ẹ Gba Àkọsílẹ̀ Ọmọ Yín



Bí ìdílé kan bá fẹ́ kó kúrò ní ìlú, wọ́n á di ẹrù, wọ́n á gba ìwé ọmọ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á sì dágbére fún ìmáàmù àdúgbò. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni fáìlì ọmọ ní ọsibítù. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ oògùn, tí a sì máa ń jókòó ti tábìlì ìlera ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ti rí ohun tí ìgbàgbé yìí lè fà. Èrò wa ni pé kò yẹ kí òbí kankan pààrọ̀ dókítà ọmọ láì gba àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀ dání.

Ní Jímọ̀ kan, ìyá kan gbé ọmọ ọdún mẹ́rin wá bá wa. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n kó wá sí Ìbàdàn láti Òṣogbo. Ara ọmọ náà gbóná, ìyá sì mú Fansidar tí aládùúgbò kan fún un dání. Ó fẹ́ ká sọ iye tí òun máa lò fún ọmọ. A bi í bóyá oògùn kan wà tí ara ọmọ náà kọ̀.

Ó ní, "Ọ̀kan wà o. Ó mú kí ara rẹ̀ sú, ẹnu rẹ̀ bó, wọ́n sì dá wa dúró sí ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́ta. Olómi ni, ó funfun. Dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀."

Oògùn olómi tó funfun kò lóǹkà lórí àtẹ. A ní kó má lo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ibà. Ó tẹ ọsibítù wọn àtijọ́ láago, wọ́n ní àwọn kì í sọ ọ̀rọ̀ fáìlì lórí fóònù. Wọn kò jẹ̀bi, nítorí àṣírí aláìsàn ni. Ọkọ rẹ̀ ní láti wọkọ̀ padà lọ sí Òṣogbo. Nígbà tí ìwé náà dé, Septrin ni dókítà kọ síbẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ oògùn lè má mọ̀ pé ẹbí kan náà ni Septrin àti Fansidar. Oògùn tí à ń pè ní sulfa wà nínú àwọn méjèèjì. Ọmọ tí Septrin bá ti ṣe báyìí, Fansidar lè fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu. Ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì ni ì bá ti sọ èyí fún wa lójú ẹsẹ̀.

Ta ló ni àkọsílẹ̀ yìí? Ọsibítù ló ni bébà àti fáìlì, wọn kì í sì í sábà gbé ojúlówó rẹ̀ fúnni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ yín ló wà nínú rẹ̀. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí ilé ìwòsàn máa ṣe àkọsílẹ̀ fún aláìsàn, kí wọ́n sì pa á mọ́ ní àṣírí. Òfin ti ọdún 2023 tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni sì fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Òbí ló ń béèrè fún ọmọ kékeré.

Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú, kí ẹ mú un lọ sí yàrá káàdì. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà, tàbí kí dókítà kọ àkópọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ mú nọ́ńbà káàdì dání, nítorí orúkọ máa ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọmọ tó ń jẹ́ Abdul-Qayyum ní ilé kéwú lè máa jẹ́ Ayọ̀mídé ní ilé-ẹ̀kọ́, kó sì jẹ́ pé orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣí káàdì kó tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá nǹkan wọ̀nyí wà nínú ìwé náà: oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, jẹnótáìpù rẹ̀, bóyá ó ní ibà pọ́njú nígbà tí wọ́n bí i, bóyá wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára rí, bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tètè dá nígbà tí wọ́n dábẹ́ fún un. Ẹ tọ́jú káàdì àjẹsára náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, tó kan ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, títí dé oṣù 9 àti 15.

Àwọn òbí kan kì í padà lọ béèrè nítorí pé wọ́n jẹ ọsibítù lówó. Ẹ lọ san án, tàbí kí ẹ bá wọn ṣe àdéhùn. Gbèsè kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n a bẹ ẹ̀yin dókítà àti onílé ìwòsàn tó wà nínú jámáà wa: ẹ má fi àkọsílẹ̀ ọmọ ṣe ìdógò. Òbí ló jẹ gbèsè, ọmọ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Bí ìwé bá sì dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ Àsàlátù. Jẹnótáìpù ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogbo ayé.

A mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé Ọlọ́run ló ń wo èèyàn sàn, kì í ṣe bébà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n āyà tó gùn jù nínú Al-Kùránì, ìkejìlélọ́gọ́rinlérúgba nínú Suratul-Baqarah, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé. Bí owó tí a yá ara wa bá tó ohun tí à ń kọ, tí à ń pa mọ́, ara ọmọ tí Ọlọ́run fi ṣe àmánà sí wa lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá ń gbèrò láti kó ní ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, kó ti yàrá káàdì ọsibítù bẹ̀rẹ̀ kó tó pe ọlọ́kọ̀ ẹrù. Kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa ní ìlera pípé. Àmín.