Ẹ̀wà Ṣì Wà Lórí Iná, Ère Ìbejì Dà?

Ní abúlé, ilé tí ìbejì bá wà kì í ṣòro mọ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ìkòkò ẹ̀wà ti gun orí ààrò. Ìyá ìbejì kò ní fi iyọ̀ sí i kó tó rọ̀, torí àwọn àgbà gbà pé iyọ̀ àfisíwájú máa ń mú ẹ̀wà ṣagídí. Ìgbà tó bá rọ̀ dẹ̀dẹ̀ ni epo pupa, ata àti àlùbọ́sà tó bọ́ sínú rẹ̀, tí òórùn á sì gba gbogbo agboolé. Àwọn ọmọ àdúgbò kì í dúró de ẹni tí yóò pè wọ́n. Wọ́n á yí abọ́ ńlá kan ká, ọwọ́ á máa wọlé, ọwọ́ á máa jáde, epo á dé ìgbọ̀nwọ́. Tí wọ́n bá yó tán, wọ́n á ṣàdúrà fún Táyé àti Kẹ́hìndé, wọ́n á gba ìrèké, wọ́n á túká. Sàráà nìyẹn. Mùsùlùmí ń ṣe é, Kristẹni ń ṣe é, oníṣẹ̀ṣe ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹnìkejì pé ẹ̀sìn wo ló ni ẹ̀wà.

Nígbà kan rí, ẹlòmíràn máa ń jẹ nínú ẹ̀wà yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ náà: ère ìbejì.

Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí á tọ babaláwo lọ. Bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, iṣẹ́ dọ́wọ́ agbẹ́gilére nìyẹn. Ère náà kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ jòjòló ló kú, àgbàlagbà ni wọ́n ń gbẹ́, pẹ̀lú irun dídì, ilà ojú àti ọmú tó ti yọ tí ó bá jẹ́ obìnrin. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á lára, á fi aró kun irun rẹ̀, á so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Á tẹ́ ẹ sùn lálẹ́, á jí i láàárọ̀, ọjọ́ mìíràn á pọ̀n ọ́ tàbí kó fi í há aṣọ lọ sí òde ijó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá se ẹ̀wà fún èyí tó wà láàyè, wọ́n á fi díẹ̀ tọ́ ère lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ère tó ti pẹ́ ni imú àti ojú wọn ti pa rẹ́. Ọwọ́ ìyá tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń bọ́ wọn, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún nù wọ́n dán bẹ́ẹ̀.

Kò yani lẹ́nu pé ilẹ̀ Yorùbá ni irú nǹkan báyìí ti fìdí múlẹ̀. Ìwádìí tí Dókítà P.P.S. Nylander ṣe ní Igbó-Ọrà, ní Ìbàràpá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ohun tó lé ní 40 ọdún sẹ́yìn, fi hàn pé ìbejì tó 45 nínú 1,000 ìbímọ. Káàkiri ayé lónìí, bí 12 péré ni. Bí a bá bi ará Igbó-Ọrà léèrè ohun tó fà á, inú ilé ìdáná ni yóò nàka sí: àmàlà iṣu àti ọbẹ̀ ìlasá, ìyẹn ewé ilá. Àwọn oníṣègùn kò tíì rí ẹ̀rí tó fìdí èyí múlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ìlú náà kò torí ìyẹn dáwọ́ ìlasá dúró. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbejì níbẹ̀, tí Táyé àti Kẹ́hìndé láti ìlú oríṣiríṣi ń wọ aṣọ kan náà jáde.

Ìbejì pọ̀, ṣùgbọ́n ikú ọmọdé náà pọ̀ láyé àtijọ́, pàápàá fún ìbejì tí wọn kì í sábà lágbára tó ọmọ kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n bá bí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ère ìbejì jẹ́ gan-an, ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, pé ìyá kan wà tí ọ̀kan ṣoṣo ṣẹ́kù sí lọ́wọ́ nínú ọmọ méjì.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀sìn dé. Nígbà ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà lọ́dún 1930, tí ajíhìnrere Joseph Ayọ̀ Babalọlá wàásù, àwọn èèyàn kó ère àti oògùn wọn jáde, wọ́n sì dáná sun ún. Òótọ́ inú ni wọ́n fi ṣe é, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn Mùsùlùmí kan ti rí ọ̀nà mìíràn gbé e gbà ṣáájú ìgbà yẹn: wọ́n ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ tírà mọ́ ère láyà. Irú ère bẹ́ẹ̀ ṣì wà títí dòní. Ìyá tó ní kí wọ́n gbẹ́ tírà sí i kò rí ohun tó burú nínú kí ọmọ òun tó ti lọ máa ṣe ẹ̀sìn tí òun ń ṣe.

Èyí tó wọni lọ́kàn jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ fọ́tò níbẹ̀, rí i pé àwọn ìyá kan ti fi fọ́tò rọ́pò ère. Tí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó ṣẹ́kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, tí yóò fi dà bíi pé méjì ló jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ pé akọ àti abo ni ìbejì náà, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ìyá mìíràn ra bèbí oníke ní ọjà, wọ́n ń tọ́jú ìyẹn. Igi di bébà, bébà di ike, ìfẹ́ ìyá kò yí padà. Kò sí pásítọ̀ tàbí àfáà tó máa ní kí wọ́n sun fọ́tò ọmọ tó kú. Kí ló wá dé tí ère tó ṣe irú iṣẹ́ kan náà fi di ohun ìtìjú?

Ìkòkò ẹ̀wà ló bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí láìfara pa, àsè ìbejì tilẹ̀ la òkun kọjá. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì bá Cosme àti Damião níbẹ̀, àwọn ìbejì oníṣègùn tí Ìjọ Àgùdà kà sí ẹni mímọ́, wọ́n sì fi òrìṣà Ìbejì wọn sí abẹ́ orúkọ àwọn ẹni mímọ́ náà. Títí dòní, ní 27 oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Salvador ń se caruru: ilá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, edé gbígbẹ, àti epo pupa. Àgbàlagbà kankan kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kí ọmọ kékeré méje tó jókòó yí abọ́ kan ká, tí wọ́n á fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Ọmọ Igbó-Ọrà tó bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà kò nílò ògbufọ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ère tí iná kò jó ni owó kó lọ. Àwọn oníṣòwò ń lọ láti abúlé sí abúlé, wọ́n ń fi owó táṣẹ́rẹ́ ra ohun tí ìyá àgbà fi ogójì ọdún wẹ̀. British Museum ní Lọ́ndọ̀nù ní èyí tó pọ̀ nínú wọn, àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè sì tò wọ́n sí pálọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni orúkọ ọmọ tí wọ́n gbẹ́ wọn fún kò sí lára wọn mọ́. Ìyẹn gan-an ni àdánù. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ, títí kan iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ti lò rí nínú ayẹyẹ ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ́bodè kò lè ṣọ́ ohun tí ọmọ ilé fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tà lóru.

Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà kó bọ ère, kó má bọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó tọ́ ọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n títọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ sí bíbọ ọ́, bí títọ́jú Bíbélì bàbá àgbà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tèsùbáà rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí bíbọ bàbá àgbà. Ọmọ ilé yín ni wọ́n gbẹ́ ère yẹn fún. Ó ní orúkọ, ó ní ìyá, ẹ̀jẹ̀ yín ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé lọ́dún Kérésì tàbí Iléyá, ẹ gòkè àjà wò. Bí ẹ bá bá ère níbẹ̀, ẹ má fọ èéfín ara rẹ̀ dànù, ẹ má sì pe oníṣòwò. Ẹ gbé e tọ ìyá àgbà lọ nígbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀, ẹ bi í pé ta ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, ọdún wo ni, ta ló gbẹ́ ẹ. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé, ẹ fi ìwé náà sí ibi tí ère wà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbé ẹ̀wà kaná, kí ẹ pe àwọn ọmọ àdúgbò.