Ẹni Tó Ń Ka Ìwé Kó Tó Fọwọ́ Sí I Kì í Ṣe Olójúkòkòrò

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu wa tí mo fẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí ọmọ kékeré kan tó mọ bọ́ọ̀lù gbá bá ní òun kò ní fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí wọ́n gbé síwájú òun, tàbí pé òun kò ní yọjú sí ìgbáradì títí wọ́n á fi tún un ṣe, kíá la ó ti sọ pé: "Olójúkòkòrò ni. Kí ló tíì gbá tó fi ń dá owó lé ara rẹ̀?" Àwọn òbí ń sọ ọ́, àwọn kóòṣì ń sọ ọ́, àwa tá à ń pe ara wa ní akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà ń sọ ọ́.

Mo ní irọ́ ni. Ọmọ tó bá kọ̀ lákòókò yẹn ń lo agbára kan ṣoṣo tó ní, agbára náà kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo gáréèjì wa ní Ìjànìkin níbí. Bí o bá fẹ́ wọ danfo lọ sí Mile 2, ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ lo ti ń bá kọ̀ndọ́ sọ̀rọ̀ owó. Bí ó bá wọ́n jù, o lè dúró de ọkọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń sáré kọjá Ìyànà-Ìbà, iye tí kọ̀ndọ́ bá pè lo máa san, àfi tó o bá fẹ́ kí wọ́n já ẹ sílẹ̀ lójú títì. Kò sí ẹni tó ń pe èrò tó béèrè owó ọkọ̀ kó tó wọlé ní olójúkòkòrò. Ọlọ́gbọ́n là ń pè é. Kí ló dé tó fi wá di ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta, mẹ́rin nínú ayé ọmọ ènìyàn ló wà lórí ìwé?

Ọ̀rọ̀ Mikel Obi yẹ kó ti là wá lójú. Jos ni wọ́n ti bí i, lóṣù kẹrin ọdún 1987. Plateau United ló ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó bọ́ sí Lyn, ẹgbẹ́ kan ní ìlú Oslo ní Norway. Nígbà tó fi máa di ọdún 2005, àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti ń dù ú. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó pé ọmọ ọdún 18 tí Manchester United fi kéde pé ó ti di tiwọn, wọ́n sì gbé jẹ́sì fún un, wọ́n ya á ní fọ́tò. Chelsea yarí, wọ́n ní àwọn làwọn ti ń bá ọmọ náà bọ̀. Mikel fúnra rẹ̀ wá jáde, ó ní ńṣe ni wọ́n fúngun mọ́ òun tí òun fi fọwọ́ sí ìwé náà, àti pé ájẹ́ǹtì òun, John Shittu, kò sí níbẹ̀. Manchester United àti Lyn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Lóṣù karùn-ún, ọmọ náà fi Norway sílẹ̀, ó gba London lọ.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni kò fi sí lọ́dọ̀ Lyn. Láàárín ìgbà náà, ó gbá fún Nàìjíríà nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Netherlands, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni kejì tó gbá bọ́ọ̀lù jù lọ. Messi ló gba ti àkọ́kọ́. Lóṣù kẹjọ, FIFA ní kó padà sí Norway, ó sì padà. Oṣù kẹfà ọdún 2006 ni wọ́n tó parí ìjà náà: Chelsea san mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn fún Manchester United, wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́rin fún Lyn. Mikel lo ọdún tó ju mẹ́wàá lọ ní Chelsea, ó gba ife Champions League níbẹ̀ lọ́dún 2012, ó sì bá Nàìjíríà gba ife Áfíríkà lọ́dún 2013.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún owó yẹn kà. Manchester United gba mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn lórí ọmọ tí kò gbá bọ́ọ̀lù ẹyọ kan fún wọn. Ṣé ẹ ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa pe Manchester United ní olójúkòkòrò? Bí ẹgbẹ́ bá dúró lórí owó, a ní wọ́n mọ òwò ṣe. Bí ọmọ bá dúró lórí owó, a ní kò mọ ọpẹ́. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe o.

Àwọn kan á ní: "Ó ti fọwọ́ sí i. Àdéhùn ni àdéhùn." Òótọ́ wà nínú ìyẹn, n kò sì ní sá fún un. Bí agbábọ́ọ̀lù bá lè máa jí lójoojúmọ́ kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, kò sí ẹgbẹ́ tí yóò fi owó kọ́ ọmọdé kankan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òótọ́ yẹn ń gbé wa lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé tó ti ní ọwọ́ ẹni lórí máa ń le báyìí láti tú, tó fi gba FIFA, ẹgbẹ́ mẹ́ta àti ọdún kan gbáko, a jẹ́ pé kí ọwọ́ tó kan ìwé gan-an ni ó yẹ kí ọmọ kọ̀. Ẹni tó bá gbàgbọ́ pé àdéhùn ni àdéhùn kò gbọ́dọ̀ bínú sí ọmọ tó ní òun fẹ́ kà á dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti sọ irú kíkọ̀ yìí di àṣà, ẹ jẹ́ ká dé Amẹ́ríkà. Nínú NFL, bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì kì í yan ẹgbẹ́ tó wù ú. Àwọn ẹgbẹ́ ló ń tò, tí wọ́n ń mú àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó bá mú ẹ nìkan ló lè bá ẹ sọ̀rọ̀ owó lọ́dún náà. Ohun tó kù lọ́wọ́ ọmọ kò ju pé kó jókòó sílé nígbà tí ìgbáradì bá bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó kórìíra àṣà náà ní ẹnì kan tí wọ́n máa ń nàka sí: JaMarcus Russell. Òun ni Oakland Raiders mú ṣáájú gbogbo ènìyàn lọ́dún 2007. Ó jókòó sílé títí ìdíje fi bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, ó gba àdéhùn tí owó tó dájú nínú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 30 dọ́là lọ, nígbà tó sì di ọdún 2010, wọ́n lé e torí pé kò gbá nǹkan kan. Mi ò ní bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n Joey Bosa náà wà. Ipò kẹta ni Chargers ti mú un lọ́dún 2016. Ó kọ̀ títí di òpin oṣù kẹjọ nítorí ìgbà tí wọ́n máa san owó rẹ̀ àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó náà bí wọ́n bá lé e. Lọ́dún yẹn kan náà, òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó dára jù lọ láàárín àwọn tó ń dènà. Kíkọ̀ kọ́ ló ba Russell jẹ́, kíkọ̀ kọ́ ló sì sọ Bosa di èèyàn ńlá. Bí ọmọ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀, ohun tó yẹ kí ìwé rẹ̀ sọ lọ́tọ̀.

Àwọn tó ni ẹgbẹ́ mọ bí agbára yìí ṣe tó ju àwa lọ. Lọ́dún 2010, Sam Bradford, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú, gba àdéhùn ọdún mẹ́fà tó tó mílíọ̀nù 78 dọ́là. Lọ́dún 2011, àwọn olówó àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ fi gègé sí owó àwọn ọmọ tuntun. Cam Newton tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lọ́dún náà gba mílíọ̀nù 22 fún ọdún mẹ́rin. Bó bá jẹ́ ariwo ọmọdé lásán ni, wọn ò bá má fi òfin dè é. Síbẹ̀ kò kú. Lọ́dún 2025, Houston Texans fún Jayden Higgins, ọmọ tí wọ́n mú ní ìpele kejì, ní àdéhùn tí gbogbo owó inú rẹ̀ dájú. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní ìpele yẹn. Àwọn yòókù ní àwọn náà fẹ́ ohun tó dájú, nígbà tí oṣù keje sì wọlé, 30 nínú àwọn 32 kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ orúkọ tá a mọ̀ dáadáa nílé: Fẹ́mi Ọládẹ̀jọ, tí Tennessee Titans mú.

Nílé wa ńkọ́? Àwa náà ń kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn iṣẹ́ la ti ń kọ̀. Lóṣù kejìlá ọdún 2016, àwọn Super Falcons gba ife Áfíríkà ní Cameroon, wọ́n sì ní láti jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Abuja, kí wọ́n tún fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti béèrè owó wọn. Ní France lọ́dún 2019, wọ́n tún jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì nítorí owó. Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ó kù ọjọ́ méjì kí Super Eagles pàdé Gabon ní Morocco, wọ́n kọ̀ láti lọ sí ìgbáradì nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Bí àwọn ìràwọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ bá lè máa sin gbèsè báyìí, kí ni ọmọ ọdún 16 tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ fẹ́ ṣe?

Mo ti fojú mi rí ìwé àdéhùn kan tí wọ́n gbé fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa. N kò ní dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ojú ewé méjì ni. Ojú ewé kìíní àti ìlàjì èkejì jẹ́ ohun tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣe àti iye tí yóò san bó bá fi wọ́n sílẹ̀. Níbi tó yẹ kí iye ọdún wà, àlàfo ni wọ́n fi síbẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan nípa ilé ìwòsàn bó bá fi ẹsẹ̀ ṣèṣe. Ìyá rẹ̀ ti tẹ̀ka sí i. Nígbà tí mo béèrè ìdí, wọ́n ní, "Ẹ má jẹ́ kí orí ọmọ yìí lọ o, àwọn mìíràn wà nílẹ̀ tó ń dúró." Gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi ń mú wa.

Bẹ́ẹ̀, òfin FIFA wà lẹ́yìn ọmọ náà. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn tó ju ọdún mẹ́ta lọ. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì, ó lè kọ ìwé kìlọ̀ fún wọn, kó fún wọn ní ọjọ́ 15 ó kéré tán, bí wọn kò bá san án, ó lè bá tirẹ̀ lọ. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń sá eré lórí iyanrìn láti Ọ̀tọ̀ dé Àgbádárìgì ló mọ ìyẹn?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kàn wá. Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà níbí di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni kó ka ohun tí ẹlòmíràn kò lè kà. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé tí a háyà máa ń pè wá ní "bọ̀dá" àti "àǹtí". Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé ìwé dé, ẹ má kọ́kọ́ kí i kú oríire. Ẹ gba ìwé náà, ẹ kà á sókè lédè tí ìyá rẹ̀ gbọ́. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin: ọdún mélòó ni, èló ni, ìgbà wo ni wọ́n máa san án, ta ni yóò tọ́jú ẹsẹ̀ tó bá kán? Bí àlàfo bá wà, kí wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni mú bíìrò. Kí ọmọ náà mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sílé.

Bí wọ́n bá wá ní olójúkòkòrò ni, ẹ dúró tì í.